Omorógùn Tó Bá Ọkọ̀ Àlùbọ́sà Lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Sókótó, tí à ń gbé agboolé kan nítòsí ẹnubodè Kofar Marke, ọkùnrin kan wà tó fi ìwà ara rẹ̀ kọ́ wa ní Yorùbá. Ẹ̀yin ọmọ ìwé, bí olùkọ́ yín bá ní kí ẹ wá oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ fún ẹni tó ń ṣe bó bá ṣe sọ sí i lọ́kàn, tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í họ orí, ẹ kálọ sí agboolé wa.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, fọkanáísà ni, ẹ̀gbẹ́ títì ló ti ń lẹ táyà. Àwọn oníbàárà lè tò dè é lọ́sàn-án gangan kó gbéra, kó lọ ra ìrèké, kó wá jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò kó máa jẹ ẹ́. Ó lè kun ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ní àwọ̀ ewé láàárọ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti di pupa. Ẹ̀fúùfù ni bàbá mi ń pè é. Ìyá onídìrí, tó jẹ́ Ìjẹ̀bú, ń pè é ní Ṣàdédé. Àwọn oníṣòwò Ìlọrin ní Aṣèyíówùú ni. Ìyá mi, tí kì í fẹ́ bú èèyàn, sọ ọ́ ní Òjò Ọyẹ́, torí pé kò sẹ́ni tó ń retí òjò nígbà ọyẹ́. Àwọn Hausa àdúgbò wa ní “Sai ya ga dama,” ìyẹn ni pé àfi tó bá wù ú. Gbogbo rẹ̀ ló ń jẹ́, nígbà tó bá wù ú láti jẹ́ ẹ.

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kì í pa lẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e wá sí Sókótó, kò fojú kan ìyá rẹ̀ mọ́. Ó ti bímọ, ọmọ ti ń rá, ìyá àgbà ò mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń ti ilé bọ̀ sì ti sọ fún un pé ojú màmá ti ń ṣú, pé bó bá pẹ́ sí i, igbe ọmọ nìkan ni yóò máa gbọ́. Bó bá sọ ọ́, ọkọ rẹ̀ a ní, “Ó di Iléyá.” Kì í kúkú ṣe òun nìkan. “Ó di Iléyá” ni gbogbo agboolé wa ń sọ, Iléyá á dé, á lọ, a ó sì wà níbẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tiẹ̀ ti gbẹ́rù dé gáréèjì kí ọkùnrin yìí tó ní ara òun ò gbà á mọ́. Wọ́n gbẹ́rù padà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, ìyàwó ń ro tùwó lágbàlá, ọkọ rẹ̀ wọlé pẹ̀lú gírísì lọ́wọ́.

“Dìde. Mo lẹ táyà fún ọkọ̀ àlùbọ́sà kan, Ìbàdàn ló ń lọ. Dẹ́rẹ́bà ní àyè wà níwájú, á já wa sí Ògbómọ̀ṣọ́.”

“Nísinsìnyí?”

“Kò pa ẹ́ńjìnnì.”

“Ẹ̀yin náà ni. Tá a bá dé gáréèjì, ẹ ó ní ká sọ̀ kalẹ̀.”

“Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀,” ni ọkùnrin náà wí. “Ṣùgbọ́n báyìí, ó ń wù mí.”

Ìyàwó wo ìyá mi, bí ẹni tó fẹ́ gba orí afárá kọjá, tí afárá náà sì ń mì. Ìyá mi dìde, ó sọ ìkòkò kúrò lórí iná.

“Òjò tó bá rọ̀ nígbà ọyẹ́, igbá là á fi gbè é. A kì í bi í pé kí ló gbé e wá. Ìyàwó, pọn ọmọ rẹ.”

Gbogbo wa sìn wọ́n dé títì. Bí ọkọ̀ ṣe ṣí, ìyàwó na ọwọ́ síta láti juwọ́ sí wa, àfi bí a ṣe rí omorógùn lọ́wọ́ rẹ̀, tùwó ṣì wà lára rẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi wọ inú eruku lọ. Síbẹ̀, ìyá mi bu tùwó tiwọn pa mọ́, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá wọn ò ní padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Wọn ò padà. Ìgbà tí ọyẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ ni wọ́n tó dé. Omorógùn mìíràn ló wà lọ́wọ́ ìyàwó, ó dúdú, ó ń dán, ẹnu rẹ̀ ti jẹ sápá kan. Ìyá rẹ̀ ló gba tuntun, tó fún un ní ti ara rẹ̀. Ìyàwó ní màmá gbé ọmọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó tẹjú mọ́ ọn títí, ó wá ní, “Orí bàbá rẹ̀ ló gbé wá. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó gbé ìṣe rẹ̀.”

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá onídìrí tún fi ọkùnrin náà ṣẹ̀fẹ̀: “Ṣàdédé, ìrèké ò tíì wù yín lónìí?” Ìyàwó ò gbójú sókè nídìí tùwó tó ń rò.

“Ẹ̀yin tí ẹ máa ń rò ó dáadáa kí ẹ tó ṣe é,” ló wí, “ta ló ti rí ìyá rẹ̀ lọ́dún yìí nínú yín?”

Bàbá mi wúkọ́, ó gbé búútà, ó lọ ṣe àlùwàlá. Àkókò ìrun ò sì tíì tó.

Ayé ti yí padà. Inú fóònù ni àwọn ọmọ ti ń rí ìyá àgbà lójoojúmọ́ báyìí, mi ò sì bú fóònù, ó ń ṣe bẹbẹ. Ṣùgbọ́n kí àwọn ọmọ tèmi tó wá kí mi, wọ́n á kọ́kọ́ béèrè ọ̀sẹ̀ tó rọ̀ mí lọ́rùn. Èmi náà á ní ẹ jẹ́ kí n wò ó ná. Gbogbo wa la ti di ẹni tó ń rò ó dáadáa. Síbẹ̀, bí mo bá ń ro tùwó nígbà mìíràn, etí mi a máa wà lẹ́nu géètì. Ẹni tó bá ṣàdédé yà wọlé, mi ò ní bi í pé kí ló gbé e wá.