Ohùn Tí Agbẹ̀bí Gbọ́ Nínú Ara Rẹ̀

Ẹlẹ́rìn-ín ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pe agbẹ̀bí náà, nítorí ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ọdún méjìlélógún ló ti fi ń gbẹ̀bí, ó sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níṣẹ́ náà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ̀yà kan sàn ju ẹ̀yà kan lọ, òun ló máa ń kọ́kọ́ bá onítọ̀hún wí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òyìnbó aboyún kan tẹ aago ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

"Màmá, ó ń dùn mí gan-an. Kò rí báyìí láàárọ̀."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyàwó mi. Bí ọmọ ṣe ń wá nìyẹn."

Ẹlẹ́rìn-ín kọjá sọ́dọ̀ aboyún tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, tó dúdú bíi tirẹ̀. Ìyẹn kàn rọra kérora, Ẹlẹ́rìn-ín ti jókòó tì í, ó ń fọwọ́ ra á lẹ́yìn. Aago òyìnbó náà tún dún. "Àwọn òyìnbó àti ariwo," ló sọ nínú ọkàn rẹ̀. Kò dìde.

Nígbà kẹta, ọkọ òyìnbó náà ló yọjú. Kò pariwo.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀jẹ̀ ni."

Ẹlẹ́rìn-ín ká aṣọ ìbora kúrò. Ó figbe ta, ó sáré ti bẹ́ẹ̀dì náà dé yàrá iṣẹ́ abẹ. Díẹ̀ ló kù, àmọ́ tọmọ tìyá ló yè.

Dókítà tiẹ̀ yìn ín pé ó yára. Ìyìn yẹn gún un lọ́kàn. Ó jókòó sí yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, ara rẹ̀ yà á lẹ́nu. Ta ló sọ̀rọ̀ nínú òun lẹ́ẹ̀kan? Láti ìgbà wo lonítọ̀hún ti ń gbébẹ̀?

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá obìnrin náà.

"Ẹ pè mí, mi ò dá yín lóhùn. Àwọ̀ yín ni mo wò."

"Mo mọ̀," ìyá ọmọ dáhùn. "Mo ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń bá aboyún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sọ̀rọ̀. Ohùn yín rọ̀ fún un."

Ẹlẹ́rìn-ín fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, obìnrin náà gbé ọwọ́ sókè láti dá a dúró.

"Àwọn tí ẹ ń kọ́ níṣẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ sọ ọ́ fún."

Ó sọ ọ́. Ó dúró níwájú akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlá, ó rò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, kò fi apá kankan pamọ́. Ìgbà tó yá, èyí tó dàgbà jù nínú wọn dìde.

"Tèmi, àwọn ará Ṣáínà ni mi ò kì í tètè dá lóhùn."

Ẹlòmíràn tún dìde, ó sọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹlòmíràn. Ẹlẹ́rìn-ín di ẹ̀yìn àga mú, ó ń gbọ́ wọn. Ó ti rò pé wọ́n á fojú tẹ́ńbẹ́lú òun ni. Títí tí àsìkò kíláàsì fi parí, kò sẹ́ni tó gbé bírò láti kọ nǹkan; ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni kálukú ń sọ.