Omi Tí Màmá Mi Kọ̀ Nínú Ààwẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí ní Ìsàn-Èkìtì nígbà ààwẹ̀ Ràmàdáánì kan, kí fóònù alágbèéká tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ìgbẹ́ gbuuru àti èébì ló dá Màmá mi wó láti àárọ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ojú wọn ti jìn wọnú, ètè wọn ti gbẹ. Ọyẹ́ sì ń fẹ́ o!

Aládùúgbò wa kan, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, sáré po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi wá. Màmá pa ẹnu dé. Mo ní Ọlọ́run ṣáà yọ̀ǹda fún aláìsàn kó jẹun, kó san ààwẹ̀ padà tára bá yá. Wọ́n ní àwọn mọ̀, ṣùgbọ́n bí Ọlọ́run bá ti kọ ọ́ pé òní làwọn máa kú, ṣé omi ife kan ló máa pa àkọsílẹ̀ rẹ́?

Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Mo kúnlẹ̀, mo sunkún, mo ní ká lọ sọ́sípítù n'Ìkọ̀lé.

“Fi mí sílẹ̀ nínú ulé mi,” ni wọ́n wí.

Ni inú bá bí mi. Màmá yìí kan náà ló máa ń lu agolo kiri àdúgbò láti jí wa fún sààrì! Mo pariwo pé bí Ọlọ́run bá ti kọ ẹni tó máa jí, kí ni wọ́n ń lu agolo fún? Àbí èmi àti ife omi yìí ò sí nínú àkọsílẹ̀ ni?

Wọ́n la ẹnu. Mo ń fi ṣíbí bu omi sí i.

Nínú takisí tó ń gbé wa lọ sọ́sípítù, orí wọn wà lórí itan mi. Wọ́n rọra ní, “Bí mo bá kú, má di ẹ̀bi ru ara rẹ. O ti ṣe tìrẹ. Ó kù sọ́wọ́ Ọlọ́run.”

Dókítà sapá, ṣùgbọ́n omi ti tán lára wọn jù. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò mọ́ bá wọn. Háà! Mo ké títí. Ọ̀rọ̀ inú takisí yẹn nìkan ni ò jẹ́ kí n ya wèrè.

Ohun tí mo kọ́ ni pé kádàrá kì í ṣe ohun tá a fi ń fọwọ́ lẹ́rán. Ìgbà tá a bá ti ṣe tiwa tán là ń pè é, kí ẹni tó ṣẹ́kù lè ráyè mí.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé èèyàn yín kan ti kọ ìtọ́jú rí pé àmúwá Ọlọ́run ni? Ẹ sọ tiyín fún mi. Ṣùgbọ́n bó bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì nílé yín báyìí, ẹ kọ́kọ́ lọ fún un lómi ná.