Ìlà Wúrà Mẹ́rin Ayálégbé Tuntun

Kí n tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, mo ti mọ ipò àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ojú òkun lórí, bẹ́ẹ̀ n kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí. Rédíò ni mò ń tún ṣe ní Kétu. Ìwé àlòkù kan tí mo rà ní Máìlì Méjìlá ló kọ́ mi: ìlà wúrà mẹ́rin léjìká ni ti ọ̀gá ọkọ̀, mẹ́ta ni ti igbákejì rẹ̀, méjì ni ti ẹni tó tẹ̀ lé e, ọ̀kan ni ti ẹni tó kéré jù.

Lọ́dún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dọ́wọ́ mẹ̀kúnnù, ọkùnrin kan kó wọ ilé wa. Ó ní ẹ̀rọ ọkọ̀ òkun lòun ń bójú tó, ọkọ̀ òun yóò sì ṣí ní Wẹ́sídeè. Lọ́sàn-án Sátidé, ó ń lọ aṣọ funfun rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí obìnrin yàrá kejì rí ìlà tó wà léjìká rẹ̀. Afàwọ̀rajà kan tó pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá ọkọ̀ ti mú àbúrò obìnrin yìí lọ, kò sì padà mọ́.

"Mẹ́rin! Bẹ́ẹ̀ gan-an ni tẹni tó gbé àbúrò mi lọ!" Ó yíjú sí mi. "Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ta ló ń lo mẹ́rin?"

"Ọ̀gá ọkọ̀ nìkan," ni mo dáhùn bíi tíṣà. "Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ lòun ń bójú tó, tó tún so mẹ́rin, irọ́ ló ń pa."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá, ta ló kọ́ yín? Olórí ẹnjiníà náà ń lo mẹ́rin. Ẹ wo aṣọ elésè àlùkò tó wà láàárín ìlà, àmì àwa elẹ́rọ nìyẹn."

Kò tíì sọ ọ́ tán tí káfíńtà ilé wa fi gbá a létí. "Gbọ́mọgbọ́mọ!" Àdúgbò ya dé. Ìdè bẹ́líìtì la orí rẹ̀. Pákó kan bà á lójú, ìṣó sì wà lórí pákó náà. Ẹnì kan ti ń yí táyà bọ̀.

Wọ́n da àpò rẹ̀ síta, fọ́tò kan bọ́ sẹ́sẹ̀ mi. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ jókòó tò níwájú ọkọ̀ wọn, méjì tó wà láàárín sì so mẹ́rin mẹ́rin. Òun ni ọ̀kan. Ìgbà náà ni mo rántí pé ìwé mi ti ya kí n tó rà á: kò dé apá ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ àwọn elẹ́rọ.

"Ẹ dúró! Èmi ni mo ṣì í!"

Ta ló gbọ́? Mo dùbúlẹ̀ lé e lórí.

"Ìwọ Kápútéènì orí ilẹ̀, dìde ńbẹ̀, àbí ká sun yín pọ̀!" ni káfíńtà wí. Pákó rẹ̀ ṣẹ́ mi léegun èjìká. Mo na fọ́tò náà sí obìnrin yẹn. Ó wò ó, ó bú sẹ́kún, ó sì lọ jókòó sínú táyà.

"Kì í ṣe òun! Ẹ kọ́kọ́ sun mí!" ni obìnrin náà kígbe.

Wọ́n túká lọ́kọ̀ọ̀kan. Káfíńtà mú pákó rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Lọ́sàn-án Wẹ́sídeè, mo lọ bẹ̀ ẹ́ ní ọsibítù, wọ́n ti fi báńdéèjì di ojú rẹ̀ kan.

"Ẹ dárí jì mí, sà."

"Ọkọ̀ ti ṣí láàárọ̀," ó wí. "Igbákejì mi ló di olórí ẹnjiníà báyìí. Iṣẹ́ rere ni yóò ṣe. Èmi ni mo kọ́ ọ." Ó kọjú sí ògiri. "Dókítà ní ojú yìí ti lọ. Wọn kì í gba olójú kan sọ́kọ̀ wa. Ẹ máa lọ sílé."