Ohùn Ìyá Nínú Fódà

Ìyàwó ilé kì í pe àwọn ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn kí a tó kó wá sí Ọgbà ní Èkó. Àkọ́bí ilé, obìnrin tó ti di olóògbé báyìí, ni mò ń pè ní Ìdílẹ̀kẹ̀. Obìnrin tó tẹ̀ lé e ni Eyínfúnjowó. Àbúrò ọkọ mi tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Computer Village ni Akọ̀wé mi.

Ilé iṣẹ́ ọ̀dà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mò ń lẹ orúkọ mọ́ agolo àyẹ̀wò. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ wíkì, àwọn ojú ìwé tí èèyàn ń kọ fúnra rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, tí ọ̀kan ń mú un dé òmíràn. Mo ṣe ọ̀kan fún ilé. Oògùn ìyá ọkọ mi wà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe sùn àti ohun tí wọ́n jẹ.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Ìyá. Kí ó tó dé, mo ti fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ki àwọn ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ohùn náà wà nínú fódà kan, bí àpò tí kọ̀ǹpútà ilé wa ń kó nǹkan sí, orúkọ tí mo sọ ọmọ kọ̀ọ̀kan ló wà lára fáìlì tirẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tí mo bá gbé ẹ̀kọ mímu dé, oríkì àkọ́bí ni mo máa ń fi sí etí Ìyá. Bí wọn ò bá gbọ́ ọ, wọn ò ní la ẹnu.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, Akọ̀wé wá wo ìyá rẹ̀.

"Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ kí wíkì yín máa wọ inú fódà yìí fúnra rẹ̀. Ẹ̀ ń ṣí ibí, ẹ̀ ń ṣí ọ̀hún, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́."

"Ẹ̀rù ń bà mí, Akọ̀wé mi. Ohun tó bá lè wọlé, ṣé kò ní lè kó ẹrù?"

"Ẹ̀yin náà! Ẹ̀rọ ni o, kì í ṣe orogún yín."

Wíkì béèrè bóyá a gbà kí ó máa ka fáìlì, kí ó sì máa yí wọn padà. Mo ní kíkà nìkan tó. Akọ̀wé ti tẹ bẹ́ẹ̀ ni fún méjèèjì. Lójú ẹsẹ̀ ni ohùn Ìyá jáde láti inú ojú ìwé wọn gan-an, Ìyá sì yí orí síbẹ̀. Inú mi dùn, n kò lè parọ́.

Mo wọ ilé ìdáná lọ po ẹ̀kọ. Akọ̀wé ń kígbe bá mi sọ̀rọ̀ láti yàrá: ó fẹ́ fi orúkọ gidi sára àwọn fáìlì, kí àwọn ọmọ ọmọ lè mọ ẹni tí wọ́n ń kì.

"Ta ni Ìdílẹ̀kẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n yín obìnrin."

"Eyínfúnjowó ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n yín ni."

Ó rò pé ẹnìkan ṣoṣo ni mo sọ ní orúkọ méjì, nítorí ìyàwó ilé máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ṣì kéré nígbà tí àkọ́bí kú, a kì í sì í dárúkọ ọmọ tó kú lójú ìyá rẹ̀. Orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà láyé ló kọ sára fáìlì méjèèjì. Fáìlì méjì kò lè jẹ́ orúkọ kan náà, wíkì sì béèrè bóyá kí òun fi ìkejì rọ́pò èkíní. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, oríkì Eyínfúnjowó ni mo gbọ́. Ìyá tẹ́tí, wọ́n dúró, wọ́n sì pa ẹnu dé. Ẹ̀kọ tutù lórí ṣíbí.

Akọ̀wé gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó gbé e padà, kò wò mí lójú.

"Ìyàwó wa, fáìlì kejì ti gun orí ti àkọ́bí. N kò rí i yọ."

Fóònù tí mo fi gbà á sílẹ̀ ńkọ́? Mo ti fi ṣe pààrọ̀ tipẹ́.

Omi nìkan ni Ìyá ń gbà. Ojú wọn jìn wọnú. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò wọ́n ní bó bá rí báyìí títí di ọ̀la, àfi kí wọ́n ti rọ́bà oúnjẹ bọ̀ wọ́n nímú.

Mo mọ oríkì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àmọ́ orúkọ àkọ́bí gan-an, tí n kò pè rí, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì dá, mo jókòó ti ibùsùn, ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo pe orúkọ náà. Ìyá la ojú, wọ́n wò mí bí ẹni tó wọ yàrá wọn láìkan ilẹ̀kùn. Mo ń kì í lọ. Níbì kan mo fo ọ̀rọ̀, ọwọ́ wọn tó ṣì dára sì lu ibùsùn. Mo padà, mo tún un ṣe. Nígbà tó yá, wọ́n la ẹnu.

Wọ́n ń jẹun báyìí, àmọ́ kò tó ti tẹ́lẹ̀. Akọ̀wé ní kí n gba ohùn tèmi sílẹ̀, kí òun fi sínú fódà. Mo kọ̀. Èmi ni mò ń kì í fúnra mi láràárọ̀. Bí mo bá sì ti pe orúkọ náà, Ìyá kì í wo ojú mi mọ́, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń wò, bí ẹni tó ń retí ọmọ.