Pọn Omi Ná Kí O Tó Kí Mi

Kékeré ni mo wà, orí mi kò tíì ga ju ẹnu kànga lọ, nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i pé ibì kan wà ní Ọ̀tà tí èèyàn ti lè kọjá níwájú àgbà láìkúnlẹ̀ kí wọn. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè rò pé kò sí ohun bàbàrà níbẹ̀. Ẹ fara balẹ̀. Nílé tiwa, bí o bá gbàgbé láti kí àgbà láàárọ̀, ìfọ́tí ni yóò rán ọ létí. Àwa ọmọbìnrin kúnlẹ̀ títí eékún wa fi dúdú ju ìdí ìkòkò lọ.

Ìdí kànga ìyá bàbá mi ni ibi tí mò ń wí yìí. Ọṣẹ dúdú ni ìyá àgbà ń ṣe tà, omi sì ni olórí iṣẹ́ ọṣẹ, ìdí nìyẹn tí ọkọ wọn fi gbẹ́ kànga náà fún wọn. Omi rẹ̀ mọ́ lóló, ọ̀gbẹlẹ̀ kò sì rí i gbé ṣe. Gbogbo àdúgbò ló ń pọn ún, títí kan àwọn tó ń wá omi àlùwàlá ní ìdájí. Ìyá àgbà á jókòó ti ọṣẹ wọn, wọn á máa wo àwọn tó ń pọn omi.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tí a kò mọ̀ rí gbé garawa dé. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ náà sì ń ké. Ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá àgbà, ó kí wọn kú iṣẹ́, ó kí wọn kú ooru, ó ń béèrè àlàáfíà ilé, ọmọ ń ké lọ. Ìyá àgbà kò jẹ́ kó parí rẹ̀.

"Dìde," ni wọ́n wí. "Fún ọmọ yẹn lómi ná. Bó bá mu tán, tó bá wù ọ́, kí mi. Bí kò bá wù ọ́, máa lọ sílé rẹ. N kì í fi omi gba ìkíni."

Ẹnu yà mí. Ìyá kan náà tó máa ń fa etí mi nítorí ìkíni!

Nígbà tó yá, àwọn ọkùnrin ilé wa fẹ́ mọ ògiri yí ilé ká, wọ́n sì fẹ́ kí kànga wà nínú. Ìyá àgbà yarí. Wọ́n gbé àpótí ìjókòó wọn sínú ìpìlẹ̀ tí àwọn ọkùnrin ti gbẹ́, wọ́n jókòó, wọ́n ní kí bíríkìlà máa mọ ògiri náà lọ, kó mọ àwọn mọ́ ọn. Àwọn ọkùnrin bẹ̀bẹ̀, wọ́n bínú, ó sú wọn. Níkẹyìn, bíríkìlà tẹ ògiri wọnú bí ìgbọ̀nwọ́, kànga sì bọ́ síta. Ògiri náà wà níbẹ̀ dòní. Àwọn àlejò máa ń rò pé ẹni tó mọ ọ́n ti mutí yó ni.

Ayé wá yí. Oko tí a ti ń ṣa igi ìdáná di ilé iṣẹ́ ńláńlá, Sango kún bámúbámú, ilé onílé sì kún fún ayálégbé. Omi kànga ìyá àgbà pọ́n, ó sì ń rùn bí ọ̀dà. Ẹkún gbọ̀n mí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ òórùn náà.

Ayálégbé mi kan, ọmọbìnrin tó ti ìhà Ìmẹ̀kọ wá, tó ń ṣiṣẹ́ ṣíìfù, ọ̀sán lónìí, òru lọ́la, ní ilé iṣẹ́ kan ní Agbára, omi yẹn náà ló ń pọn. Ó ń sè é kó tó fún ọmọ rẹ̀, síbẹ̀ ìgbẹ́ gbuuru kò fi ọmọ náà lọ́rùn sílẹ̀. Ọmọ ń gbẹ lójú wa. Ẹ̀rù bà mí gan-an nítorí ọmọ yẹn.

Yunifásítì kan múlé tì wá. Ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n eruku mọ́tò wọn nìkan ni a mọ̀. Ọjọ́ kan ni àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ wọn wá bu omi kànga wa, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì sọ fún wa gbangba pé ká má mu ún mọ́. Wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún àdúgbò. Àwọn àgbà ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ sí àgbàlá baálẹ̀ tí ògiri yí ká, nítorí ibẹ̀ ni ohun iyì ń wà. Omi ń ṣàn wàrà. Àwọn ayálégbé kò yọjú.

Àwọn mìíràn ì bá ya fọ́tò, kí wọ́n bá tiwọn lọ. Àwọn wọ̀nyí padà wá. Olùkọ́ kan, obìnrin, ló rí i pé ẹ̀rọ náà ń ṣòfò, ó sì pè wá jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú tí àwọn òṣìṣẹ́ wà nílé. Ó béèrè ìdí tí àwọn ayálégbé kì í fi í wá pọn omi níbẹ̀. Mo fi ìka tọ́ ayálégbé mi ará Ìmẹ̀kọ yẹn: "Sọ̀rọ̀ jàre, àbí ọmọ ta ló ń ṣàìsàn?"

Ó dìde. "Bàbá, ẹ má bínú," ó ń wo baálẹ̀. "Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí bọ́ọ̀sì wa ti ń lọ. Téèyàn bá wọlé yín, á bọ́ bàtà, á kúnlẹ̀ fún bàbá yìí, á kúnlẹ̀ fún bàbá yẹn. Wọ́n á ní ọmọ ta ni ẹ́, ilé ta lò ń gbé. Àwa tí kì í ṣe ọmọ ibí, ó máa ń ṣe wá bíi pé a wá tọrọ omi ni. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń fọ́mọ mi lómi tó ń rùn."

Àgbà kan ní ṣé ìkíni náà ló wá di ẹ̀ṣẹ̀ báyìí? Ọ̀rọ̀ fẹ́ di gbọ́nmi-si-omi-ò-to. Ni mo bá dìde, mo sọ ti kànga ìyá bàbá mi fún wọn. Kí n tó parí, baálẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín.

"Èmi náà pọn omi níbẹ̀ lọ́mọdé," ni wọ́n wí. "N ò sì kí ìyá yẹn rí. Ẹ wó ògiri mi."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ ilé kíkọ́ àti àwọn bíríkìlà wa ló jọ wó o, wọ́n jọ tún un mọ, wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọnú, ẹ̀rọ omi sì bọ́ sí ojú títì. Àwọn ayálégbé wà nínú ìgbìmọ̀ omi báyìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin sì ń bá wa tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ tó ba omi wa jẹ́ dé ọ̀dọ̀ ìjọba. Kò tíì parí, ṣùgbọ́n yóò parí, nítorí a kò dá nìkan sọ̀rọ̀ mọ́. Kì í ṣe ẹ̀rọ ni mo yin yunifásítì náà fún. Wọ́n padà wá béèrè, ìyẹn ni mo yìn wọ́n fún.

Àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń ráhùn pé ayé ti bàjẹ́, pé àwọn ọmọ òde òní kò mọ ìkíni. Láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn tí mo kírun tán, mo jókòó síwájú ilé. Ọmọbìnrin Ìmẹ̀kọ yẹn gbé omi kọjá, ọmọ rẹ̀ ti sanra, ó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ìyá náà ń sáré bọ́ọ̀sì, kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. Inú mi dùn débi pé èmi àgbà ni mo kí i.