Ọbẹ̀ Bernice Tó Ṣẹ́kù Nínú Fírísà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Dádì Inúolúwa láyé ọjọ́un, ẹ ò ní gbà mí gbọ́ tí mo bá sọ pé ọkùnrin náà ń se ọbẹ̀ báyìí. Ọbáfẹ́mi tó fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ ọba rẹ̀ wọ kóòtù, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tan gáàsì nínú ilé ara rẹ̀! Tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, á jókòó sí pálọ̀, á pè é, "Bernice!" Ìyàwó rẹ̀ á gbé omi wá. Tí ebi bá ń pa á, orúkọ yẹn náà ni. Kì í ṣe pé èèyàn burúkú ni o. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ dàgbà nìyẹn, bí Bernice náà sì ṣe gbà á nìyẹn, àwọn méjèèjì sì jọ gbé pẹ́ nínú fúláàtì wọn lókè ní Festac, láti ìgbà tí Inúolúwa, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Nígbà tí Bernice kú, èrò wá, wọ́n kọrin, wọ́n jẹun, wọ́n lọ. Inúolúwa padà sí Abuja níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ilé wá dákẹ́ rọ́rọ́. Ọbáfẹ́mi ń jẹ búrẹ́dì láàárọ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì lálẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí búrẹ́dì ti sú u dé góńgó, ó ṣí fírísà bóyá á rí nǹkan kan, ó sì rí abọ́ áísìkiríìmù nísàlẹ̀ pátápátá.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í sí áísìkiríìmù nínú abọ́ áísìkiríìmù nílé wa. Ọbẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ọbẹ̀ ata pupa tó ti dì gbagidi, tí yìnyín funfun bò lórí.

Ó mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ọbẹ̀ tó jẹ ní àwọn oṣù tó kẹ́yìn ayé Bernice ni. Ó fi ṣíbí ha díẹ̀ lára rẹ̀, ó wá bó ṣe máa tan gáàsì títí tó fi rí i ṣe, ó sì gbé e kaná. Nígbà tó máa yọ́, òórùn rẹ̀ gba kíṣìnnì, ó gba kọ́rídọ̀, ó wọ yàrá lọ. Ọbáfẹ́mi yí ojú padà wìì, nítorí ó dá a lójú pé Bernice ti dé ẹnu ọ̀nà. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ṣé ẹ̀rù bà á? Ó bà á o. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn ju bí ẹ̀rù ṣe bà á lọ. Ó jẹ ọbẹ̀ yẹn láìfi nǹkan kan tì í, ó ń sunkún.

Ohun tó wá kó sí i lọ́kàn láti ọjọ́ náà kò jẹ́ kó sinmi mọ́. Abọ́ yìí máa tán. Ọjọ́ tó bá tán, ọwọ́ Bernice ti kúrò láyé pátápátá nìyẹn, kò sì ní sí ẹni tó máa rí i mọ́. Àfi kí òun kọ́ bí wọ́n ṣe ń se é kí abọ́ tó tán. Kó jẹ́ ọbẹ̀ yẹn gan-an, kó má fi ẹyọ iyọ̀ kan yàtọ̀.

Ọbẹ̀ àkọ́kọ́ tó sè, ẹ dákẹ́ ẹ jàre. Ata ò jiná, òróró ń léfòó lọ́tọ̀, ìsàlẹ̀ ìkòkò dúdú bí èédú. Ó jẹ ẹ́ tán nítorí ìtìjú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń wò ó. Ó tún un sè. Ó lọ sí ọjà Agboju fúnra rẹ̀, tòun ti fìlà tòun ti sòkòtò tó ti lọ̀, àwọn aláta sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Dádì, ṣé Mọ́mì ò sí nílé ni?"

"Ó wà nílé," ni Ọbáfẹ́mi máa ń dá wọn lóhùn.

Kò mọ ìdí tó fi ń parọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó wá ń bà á lẹ́rù ni pé bó bá ti gbé àpò ata gun àtẹ̀gùn dé òkè, kì í ṣe é bíi pé irọ́ lòun pa.

Díẹ̀díẹ̀, oúnjẹ sísè bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ lára. Bàbá tí kò mọ tàtàṣé yàtọ̀ sí ṣọ̀mbọ̀ tẹ́lẹ̀ wá dẹni tó ń tẹ ata wò lójú àtẹ, tó ń bá wọn jiyàn. Ó fi iná yan tàtàṣé kó tó lọ̀ ọ́, ó rí i pé adùn rẹ̀ jinlẹ̀ sí i. Ó fi atalẹ̀ sínú ọbẹ̀ ẹja, ó pariwo nínú kíṣìnnì lóun nìkan pé, "Háà!" Ó da ẹ̀fínrín sínú ẹ̀wà. Ó se ẹ̀fọ́ ẹ̀bọ̀lọ̀ pẹ̀lú edé àti irú wooro, ó sì jẹ ẹ́ lójú ìkòkò níbi tó dúró sí. Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ rẹ̀ ń run àlùbọ́sà, á wá fi ọwọ́ náà bojú bí ẹni ń gbàdúrà kó lè ráyè gbóòórùn rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọkùnrin náà gbádùn ara rẹ̀! Ó fẹ́ràn kíṣìnnì ju bó ṣe fẹ́ràn iṣẹ́ ọba lọ.

Ṣùgbọ́n kò dá wà níbẹ̀. Bó bá ń dín ata, á mọ̀ pé ẹnì kan fẹ́ kọjá lẹ́yìn òun lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́, á sì fà sápá kan kó lè ráyè. "Ṣé kí n fi iyọ̀ kún un?" ni yóò bi í. Á dúró díẹ̀. Tí kò bá gbọ́ nǹkan kan, á fi iyọ̀ sí i. Láàárín ọ̀sán gangan ni gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀, tí oòrùn ń ràn wọlé, tí àwọn ọmọ ń ṣeré bọ́ọ̀lù nínú kílóòsì, ojú pópó kékeré wọn nísàlẹ̀.

Tí wọ́n bá mú iná lọ, ọkàn rẹ̀ á fò. Fírísà nìkan ló ń tan jẹnẹrétọ̀ fún. Òun fúnra rẹ̀ á jókòó sínú ooru, fáànù á dúró, kí ẹ̀rọ má baà rù ju agbára rẹ̀ lọ. Gbogbo ìgbà tó bá sì se ọbẹ̀ tuntun, á ní láti fi ti Bernice wé e. Á ha díẹ̀ nínú abọ́, á mú un gbóná, á fi ahọ́n kan èyí, á fi kan tọ̀hún. Abọ́ ń lọ sílẹ̀. Ohun tó fẹ́ tọ́jú gan-an ló ń jẹ tán, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì rí ọ̀nà mìíràn gbé e gbà.

Inúolúwa wá kí i nígbà ọdún Àjíǹde. Ó bá bàbá rẹ̀ nídìí ìkòkò, ó ká ọwọ́ lérí, ó ń wò ó bí ẹni ń wo sinimá. Ó jẹun, ó lá abọ́.

"Dádì, ó dùn gan-an ni o. Mi ò mọ̀ pé ẹ lè ṣe báyìí láyé yín."

"Ọbẹ̀ ìyá ẹ ni mò ń wá. Ó ku nǹkan kékeré kan tí mi ò tíì rí."

Inúolúwa ronú díẹ̀. "Ti Mọ́mì kọ́ nìyí, Dádì. Ti Mọ́mì ò rí báyìí rárá."

Inú bí Ọbáfẹ́mi wọ eegun. "Kí lo mọ̀? Ìwọ tó o wà l'Abuja! Èmi ni mo wà nínú ilé yìí pẹ̀lú rẹ̀ títí dé òpin. Èmi ni mo jẹ ẹ́!"

Ọmọ náà kó abọ́, ó fọ̀ wọ́n, ó lọ lọ́jọ́ kejì. Ó dun Ọbáfẹ́mi pé òun jágbe mọ́ ọn, àmọ́ kò pè é láti bẹ̀ ẹ́.

Nǹkan kékeré tí kò rí yẹn kò sì jẹ́ kó gbádùn. Òórùn kan ni, ó wà lẹ́yìn gbogbo òórùn yòókù, ó ń gbóná, ó sì ń ta díẹ̀ nímú. Kì í ṣe táìmù, kì í ṣe kọ́rì, kì í ṣe ewé kankan. Ó ti fi èso ẹ̀ẹ́rù dán an wò, kì í ṣe òun. Àfìgbà tí eyín bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, tí ẹnì kan l'Agboju ní kó ra kànáfùrú kó máa fi sí i. Ó rà á, ó gé ẹyọ kan jẹ níbi tó dúró sí lẹ́bàá Old Ojo Road.

Bernice dé. Láàárín àwọn tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àwọn tó ń sáré wọ mọ́tò, Bernice dé sẹ́nu rẹ̀.

Kò rántí eyín mọ́. Bó ṣe dé ilé ni mi ò mọ̀. Ó gún kànáfùrú bíńtín, ó dà á sínú òróró kó tó da ata lé e, ó sì dúró tì í títí epo fi yọ sójú. Lẹ́yìn náà ló ha ìdí abọ́ áísìkiríìmù. Ó kù díẹ̀ kó má kún ṣíbí kan. Ó tọ́ tiẹ̀ wò, ó tọ́ ti abọ́ wò, ó dijú, ó tún tọ́ wọn wò. Ọ̀kan náà ni wọ́n! Abọ́ ti tán, kò sì dùn ún. Ó fi ẹ̀yìn ti fírísà, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Bernice, mo rí ẹ," ló ń sọ. "Mo rí ẹ, o ò lọ mọ́."

Ṣé irú ayọ̀ yẹn ṣe é dá jẹ? Ó bu ọbẹ̀ sínú abọ́ tó ní ìdérí, ó gbé e lọ sísàlẹ̀ fún Àlhájà Mojí. Ará Ìsẹ́yìn ni Àlhájà, ó ń ta tíì àti mílíìkì àti ṣúgà l'Agboju, òun àti Bernice sì dà bí ọmọ ìyá. Tí Iléyá bá dé, ẹran á gun òkè wá. Tí Kérésìmesì bá dé, ìrẹsì á sọ̀kalẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ ìsìnkú, Àlhájà ò gun òkè mọ́, torí kò yẹ kó máa lọ bá ọkùnrin tó dá wà nínú ilé, wọ́n kàn ń kíra lórí àtẹ̀gùn ni.

"Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sè é?" Àlhájà pàtẹ́wọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ayé ti yí padà o! Ẹ jókòó, ẹ jókòó."

Ó ṣí ìdérí, ó kán ọbẹ̀ díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó lá a. Ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀ nígbà yẹn. Ó tún kán òmíràn, ó lá a, ẹ̀rín náà sì lọ.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ fi kànáfùrú sí i?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n, àbí?" Ọbáfẹ́mi ò lè mú un mọ́ra. "Ọbẹ̀ Bernice ni! Mo rí i nínú fírísà, mò ń wò ó, mò ń sè é, títí mo fi bá ọwọ́ rẹ̀."

Àlhájà dá ìdérí padà. Kò wo ojú rẹ̀. "Ó dùn. Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ẹ lọ sinmi, Dádì Inúolúwa."

"Àlhájà, kí ló dé?"

"Kò sí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Kí ló dé?"

"Mo ti ṣèlérí fún un."

"Fún ta?"

"Fún ìyàwó yín."

Ọbáfẹ́mi kò dìde. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ títí obìnrin náà fi fi etí ìbòrí nu ojú, tó sì sọ̀rọ̀.

"Ọbẹ̀ mi nìyí. Kànáfùrú yẹn, ìyá mi ló kọ́ mi. Màmá Inúolúwa ò lè se nǹkan kan mọ́ lọ́dún yẹn. Ẹnu rẹ̀ ò mọ iyọ̀ mọ́, ọwọ́ rẹ̀ ò gbé ìkòkò mọ́. Ó ní ẹ ò gbọ́dọ̀ mọ bí àìsàn òun ṣe le tó, pé ẹ̀rù máa bà yín. Èmi ni mò ń sè é níbí, tí mò ń gbé e gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé nígbà tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ìròyìn ní pálọ̀. Orí àpótí ló máa ń jókòó sí. Tẹ́ ẹ bá ti pè é, á di ògiri mú, á gbé e wá fún yín."

"Oṣù mélòó?" ni Ọbáfẹ́mi bi í.

"Ẹ má bi mí." Àlhájà mi orí. "Lọ́jọ́ kan, ẹ kígbe láti pálọ̀ pé, 'Bernice, ọbẹ̀ tòní ló dùn jù láti ìgbà tá a ti fẹ́ra wa!' Èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ wà ní kíṣìnnì. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó rín in títí. Lẹ́yìn náà ó wò mí, ó ní, 'Mojí, mo ti lọ, kò mọ̀.'"

Fáànù Àlhájà ń yí lókè. Ọbáfẹ́mi rántí igbe yẹn. Ó rántí pé òun kígbe ọ̀hún pẹ̀lú òkèlè lọ́wọ́, pé inú òun dùn lọ́jọ́ náà.

"Báwo wá ni tirẹ̀ ṣe rí?" ló béèrè. "Ti Bernice gan-an?"

Àlhájà wò ó bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò yé. "Tirẹ̀ kẹ̀? Tirẹ̀ tẹ́ ẹ jẹ láti kékeré ọmọ yín? Dádì Inúolúwa, ṣé ẹ ò rántí ni?"

Ó di ojú. Ó wá a lọ sí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ Inúolúwa, ó wá a lọ sí àwọn Kérésìmesì, sí àwọn ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí Bernice á bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, tí á wọ kíṣìnnì lọ tààrà. Ó rí abọ́. Ó rí ọwọ́ rẹ̀ tó gbé abọ́ náà kalẹ̀. Ó tọ́ ọ wò, kànáfùrú Àlhájà ni.