Ariwo Tí Aunty Edith Ń Pa Kí Ìbọn Tó Dún

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi pé nọ́ọ̀sì ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta kan ń yìnbọn ní gbogbo Sátidé, mo ní irọ́ ni. Mo wa mọ́tò lọ sí pápá ìyìnbọn kan nítòsí Hampton, nílẹ̀ òyìnbó níbí, kí n lè fojú ara mi rí i. Òun náà nìyẹn lóòótọ́: Aunty Edith Oyèkànmí, ará Dacula, pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì tó balẹ̀ dé kókósẹ̀, tó gbé ìbọn gígùn lé àpò iyanrìn lórí tábìlì.

Ìbọn náà kì í ṣe ti ọdẹ tí wọ́n ń ki ẹ̀tù sí lẹ́nu. Ó ń kó ọta wọlé fúnra rẹ̀. Bí èèyàn bá tẹ tírígà, ẹyọ kan á jáde, òmíràn á ti wọlé. Ti ìjọ wọn ní Duluth ni. Àwọn mẹ́fà nínú ìjọ ló ń fi ìbọn ṣọ́ yàrá àwọn ọmọdé lọ́jọ́ ìsinmi, kí apànìyàn kankan má bàa wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró ní àádọ́ta yáàdì, kó sì fi ọta mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ba àmì kan tí kò ju àwo kékeré lọ, láàárín àyà ènìyàn tí wọ́n yà sórí bébà. Aunty Edith ti kùnà lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá tún kùnà lọ́jọ́ yẹn, wọn yóò yọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ọmọ ọmọ rẹ̀ wà nínú yàrá náà.

"Ìbọn yìí ló ń dà mí láàmú," ó sọ fún mi. "Mo ti pààrọ̀ awò tí mo fi ń wo àmì lórí ẹ̀, mo ti pààrọ̀ ọta. Ìsàlẹ̀ ṣáá ló ń lọ."

"Òun náà lèmi fi pass o," Táyọ̀ dá sí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin inú ẹgbẹ́ wọn ni. "Aunty, ẹ má ba ìbọn lórúkọ jẹ́."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́ jàre."

Seth, òyìnbó tó ń kọ́ wọn, gba ìbọn náà, ó yin ọta márùn-ún. Ojú kan náà ni gbogbo wọn bà. Ìdérí ìgò lè bò wọ́n. Ó wá kẹ̀yìn sí wa, ó to ọta mìíràn sí i. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun fi ọ̀kan tí kò ní ẹ̀tù sáàárín wọn.

Aunty Edith gba ìbọn padà, gbogbo wa sì dí etí. Ìkínní dún. Ìkejì dún. Nígbà tó tẹ tírígà lẹ́ẹ̀kẹta, ìbọn kò dún. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn la gbọ́ ọ:

"JÉSÙÙÙ!"

Ẹnu ìbọn já wálẹ̀: ìdí tí ọta fi ń lọ sísàlẹ̀ nìyẹn. Mo rò pé ó ti farapa ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Seth ti ń kọ́ ọ, kò gbọ́ igbe yìí rí, nítorí ariwo ìbọn ló ń bò ó mọ́lẹ̀. Táyọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ṣé èmi ni mo pariwo?" Ẹnu ya Aunty ju gbogbo wa lọ.

Ó ṣàlàyé pé nígbà tóun wà lọ́mọdé ní Ìbàdàn, bí adigunjalè bá wọ àdúgbò, ìyá àwọn á ní kí àwọn wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí àwọn máa pe Jésù bí ìbọn bá ti ń dún. Mi ò fẹ́ gbà á gbọ́. Mo tẹjú mọ́ ẹnu rẹ̀ nígbà tó yin mẹ́ta sí i: ní gbogbo ìgbà, ẹnu ló ń kọ́kọ́ là.

Seth ní kó mí síta, kó fa tírígà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí dídún ìbọn bá a lójijì.

"Aunty, ẹ pe Jésù tán kí ẹ tó gbé ìbọn," Táyọ̀ ní. "Ẹ̀ẹ̀kan ti tó. Kò dití."

Aunty gbá a léjìká, ṣùgbọ́n ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yin ọta mẹ́wàá láìla ẹnu. Mẹ́sàn-án bà.

Táyọ̀ fò sókè. Aunty kò fò. Nígbà tí wọ́n ní kò séwu mọ́, ó rìn lọ síbi bébà, ó fi ìka kan àwọn ihò náà. Ogún ọdún ló ti lò ní yàrá iṣẹ́ abẹ.

"Ọkàn rèé," ó ní. "Ẹ̀dọ̀fóró rèé. Dókítà kankan ò ní rí nǹkan ṣe sí i."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo àwọn ihò náà.

Seth mú fọ́ọ̀mù wá, Aunty sì fọwọ́ sí i. Ó wá bi í léèrè pé bóun ò bá padà wá síbí mọ́, ọ̀sẹ̀ mélòó ni yóò gbà kí ọwọ́ òun tó gbàgbé ohun tó kọ́ yìí. Seth rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Aunty Edith dúró síbẹ̀ pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, ó ń retí ìdáhùn.